Pátákó Tí Kò Ní Okùn

Láti ìgbà tí mo ti gbé fídíò ẹ̀gbọ́n mi sórí WhatsApp ni ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí kò so pátákó rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìwà àfojúdi ni. Ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ìbéèrè yẹn gan-an ló dá àríyànjiyàn ọjọ́ mẹ́rin gbáko sílẹ̀ nílé wa ní Ìkòtún nínú oṣù Ògún tó kọjá.

Fún ẹni tí kò rí fídíò náà: káìtì ńlá kan ló máa ń wà lókè, èyí tí wọ́n ti fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí rẹ̀. Àwọn okùn tín-ín-rín tó gùn tó mítà 20 sí 25 ló so ó mọ́ ọ̀pá tí ènìyàn dì mú, ọ̀pá yẹn sì kọ́ mọ́ bẹ́líìtì tó sán mọ́ ìdí. Èèyàn á dúró lórí pátákó, afẹ́fẹ́ á fa káìtì, káìtì á fa èèyàn, eré dé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé kan, Bruno àti Dominique Legaignoux, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú káìtì tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí yìí ní 1984. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó rì, òun náà ló jẹ́ kó rọrùn láti tún gbé e dìde bó bá já sómi. Gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, ló ti kọ́ ọ. Ní tiwa ní Alímọ̀ṣọ́, a ò ní òkun. Omi tí a mọ̀ jù ni èyí tó ń bo ọ̀nà lẹ́yìn òjò.

Ẹ má sì sọ pé eré òyìnbó ni o. Ní Cape Verde, níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ti sọ ọ́ di tiwọn. Mitu Monteiro, ọmọ erékùṣù Sal, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ìgbì ní 2008. Ohun tí wọ́n mọ òun àti àwọn ọmọ Sal bíi Airton Cozzolino fún ni pé wọ́n máa ń gun pátákó tí kò ní ìdè ẹsẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ lásán ló wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá ń gun irú ìyẹn, pátákó á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá, gbígbà á padà sì di ara iṣẹ́.

Màmá wa kò fẹ́ gbọ́ ti Cape Verde. Ó ní, "So ó mọ́ ẹsẹ̀." Ọjà Ìkòtún ló ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, ojoojúmọ́ ló sì ń rí bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. Lójú tirẹ̀, ẹrù tí a kò bá so, a ti fi tọrẹ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màámi, ẹ rántí rọ́bà ọlọ́kadà."

Gbogbo wa la mọ rọ́bà yẹn, èyí tí wọ́n ń gé lára tíúbù táyà láti fi de àpò ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ọlọ́kadà á fà á títí, yóò yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò fò padà, yóò gbá a lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn pátákó ṣe rí. Ó ń fà bíi rọ́bà. Bí ènìyàn bá ṣubú, káìtì kò dúró; ó ṣì ń wọ́ ọ lọ. Pátákó ní tirẹ̀ lè fi ẹ̀gbẹ́ rì sínú omi kó sì wọn síbẹ̀. Okùn á fà, á fà, títí omi fi máa tú pátákó sílẹ̀ lójijì. Orí ẹni tí a so ó mọ́ ló ń bọ̀ tààrà nígbà náà, pẹ̀lú etí rẹ̀ tó le àti àwọn lẹbẹ kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹ̀. Akoto lè gba orí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àti ẹnu ńkọ́? (Okùn tó so ènìyàn mọ́ káìtì yàtọ̀. Ìyẹn ò ṣeé yọ, nítorí bí ọ̀pá bá bọ́, òun ni kì í jẹ́ kí káìtì fò lọ kọ lu ẹlòmíràn.)

Màmá gbọ́ ti rọ́bà, ó mi orí, ṣùgbọ́n kò gbà. Lọ́jọ́ kẹta ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí àwa ò bá láyé, ló kú sí Bar Beach, kí Eko Atlantic tó gba ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló bá lọ. Omi gbé bọ́ọ̀lù, ó wẹ̀ tẹ̀ lé e tààrà, ó sì ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí kò fi lágbára mọ́ láti padà. Láti ìgbà náà, ohun tí omi bá gbà nínú ilé wọn, omi ló ni ín. Wọn kì í lé e. Mo ti ń gbọ́ òfin yìí láti kékeré, mo rò pé ìlànà nípa garawa àti sálúbàtà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní òun kì í wẹ̀ tẹ̀ lé pátákó. Ohun tí wọ́n kọ́ òun kí wọ́n tó jẹ́ kí òun fẹsẹ̀ kan pátákó rárá ni bí a ṣe ń fi ara wọ́ nínú omi pẹ̀lú káìtì nìkan.

Bó ṣe rí nìyí. Nígbà tí ènìyàn bá ṣubú, káìtì ń fà á lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, pátákó sì ń wà lẹ́yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, nítorí ó fẹ̀ sílẹ̀ lórí omi, afẹ́fẹ́ ò sì rí ibi dì í mú. Kò sí bí a ṣe lè kọjú sí afẹ́fẹ́ tààrà kí káìtì gbé wa débẹ̀. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni, bíi ti àwọn tó ń ti ọmọlanke gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: wọ́n á yà sọ́tùn-ún, wọ́n á yà sósì, ọmọlanke á sì máa gòkè. A ó gbé káìtì sí ẹ̀gbẹ́ kan, láàárín orí wa àti ojú omi, a ó fi ọwọ́ kan di àárín ọ̀pá mú. A ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú omi, ẹsẹ̀ á pa pọ̀, á nà. Ọwọ́ kejì la ó nà sínú omi síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ọwọ́ àti ara lè dà bí àjẹ̀ tí a fi ń darí ọkọ̀. Bí a bá ti lọ jìnnà tó, a ó gbé káìtì kọjá lókè lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó pààrọ̀ ọwọ́, a ó sì padà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìdojúkọ kì í ṣe pátákó. Èyí ló ṣòro jù fún mi láti gbà.

Ìgbà wo la ń fi sílẹ̀? Màmá ló béèrè. Ó ní bí òun ò bá rí i mọ́, tàbí bó bá ti rẹ òun, tàbí bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú òkun. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láàárọ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í sì í bá a jáde. Ti oṣù Ògún ń bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun wá sí ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ní òun náà ń bọ̀. A gba Ìgándò, a kọjá LASU, a já sí Ìyànà Ìbà, a wá bọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín nínú kúlà àti káìtì lẹ́yìn ọkọ̀.

Ó ti tó bí ogún ìṣẹ́jú lórí omi kó tó ṣubú. Mo rí pátákó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìgbì, n kò rí i mọ́. Òun náà ti bó sílẹ̀ tó bí òpó iná mẹ́ta. Àwọn ọmọdé kan ń wẹ̀ létí omi ní apá ibi tí ìgbì máa gbé pátákó náà bá, ó sì rí wọn. Ká ní wọn kò sí níbẹ̀ ni, ó lè gúnlẹ̀ kó dúró de pátákó.

Káìtì rẹ̀ yí sí apá òsì wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sójú òkun, síbi tó jìn, kò tilẹ̀ wo ibi tí pátákó wà. Màmá dìde. "Fi í sílẹ̀! Jẹ́ kó máa lọ!" Ta ni yóò gbọ́ nínú ariwo ìgbì yẹn? Káìtì kọjá lókè, ó padà sí apá ọ̀tún, ó ń sún mọ́ ilẹ̀. Ọ̀kan nìyẹn. Màmá kẹ̀yìn sí òkun, ó jókòó sórí ẹní, ó ní kí n máa wò ó fún òun.

Ó tún lọ. Ó tún padà. Lẹ́ẹ̀kan ó gbé káìtì sókè kíákíá, káìtì fà á yọ nínú omi dé àyà, mo sì mọ̀ pé ó ń wá pátákó ni.

"Ó kù mélòó?" Màmá béèrè.

Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ga ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó padà lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ tó nà sínú omi yẹn ló fi gbá pátákó mú. Kò pẹ́, ó dìde sórí rẹ̀, ó ń bọ̀.

Màmá kò sọ̀rọ̀ títí ó fi dé iwájú wa. Ó ní, "Gbé e wá kí n rí i." Ó gbà á, ó yí i po, ó fọwọ́ kan lẹbẹ abẹ́ rẹ̀, ó béèrè iye tó rà á. Ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ iye ní pọ́n-ùn. Màmá ṣírò rẹ̀ sí náírà lọ́kàn ara rẹ̀, ó wo òkun, ó tún wo pátákó.

Lẹ́yìn náà ló sọ pé funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí, ta ló rò pé ó máa rí i láàárín ìfófò omi?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bó ṣe ń ti ọjà bọ̀, agolo ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn kan wà nínú báàgì rẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dà ilẹ̀kùn ni, kò ní pẹ́ ṣí. Màmá ní kó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.