Ẹgbẹ́ Tí Kò Ní Ìwé Orúkọ

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì bi mí léèrè pé: "Àǹtí, nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó wà fún iṣẹ́ wa, èwo ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ń jẹ́ kéèyàn tètè ríṣẹ́?" Mo dárúkọ NCS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Nàìjíríà, àti IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àgbáyé, fún un. Ó dúpẹ́, ó lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Nínú irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, IETF, ti àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àgbáyé, ló ń dà mí láàmú. Láti 1986 ni wọ́n ti ń ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ wọn kò ní ìwé orúkọ, wọn kò gba owó ọmọ ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni lè fi ímeèlì dá sí ọ̀rọ̀. Wọn kì í dìbò. Nínú ìpàdé, alága lè ní kí àwọn tó fara mọ́ ìmọ̀ràn kan kùn, kó sì fetí sí bí ó ti rinlẹ̀ tó.

Kí ló wá sọ wọ́n di ẹgbẹ́?

Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wá nípàdé ẹgbẹ́ ọjà pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní: "Ṣé èmi nìkan ni n ó máa tún ọ̀nà ọjà ṣe ni?"

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn ló là mí lójú. Ìgbà kan wà tí ímeèlì láti Yábàá sí Ìkẹjà ń gba Yúróòpù kọjá, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa kò so pọ̀ mọ́ ara wọn nílé. Owó dọ́là ni wọ́n fi ń san ìrìn àrìnyíká yẹn! Ní 2006, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, àti ISPAN, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ náà, dá IXPN, ibùdó ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, sílẹ̀ kí ìsọfúnni abẹ́lé lè máa pàdé nílé. Àwọn tó ń bára wọn du ọjà ló jókòó pọ̀. Wáyà kò lè dá irú rẹ̀ ṣe. Èèyàn ní láti kọ́kọ́ gbà láti máa gbé ẹrù ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ẹnì kan lè kan gbogbo ayé: ní oṣù Kọkànlá 2018, ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan tó yẹ̀ ní MainOne, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan l'Ékòó, darí apá kan ìrìnnà Google gba Ṣáínà fún ohun tó lé ní wákàtí kan.

Ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lára iṣẹ́ yìí. Òun ni iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà nídìí ẹ̀, ẹ gba ìwé-ẹ̀rí tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ lọ síbi tí ngNOG àti AfNOG, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà àti Áfíríkà, bá ti ń pàdé, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀kì tó kángun sí tiyín.