Nọ́ńbà Tó Gba Máàkì Lọ́wọ́ Wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ wà ní kíláàsì pẹ̀lú wa lọ́dún kejì, ẹ ò ní gbàgbé ọ̀sẹ̀ tí àwa mẹ́rin gba òdo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbéèrè náà ò gùn. Mú 2, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, o rí 4. Ṣe 4 bẹ́ẹ̀, o rí 16. Lẹ́yìn náà 256, lẹ́yìn náà 65,536. Wá fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: 3, 5, 17, 257, 65,537. Prime ni gbogbo wọn: kò sí nọ́ńbà tó lè pín wọn láìṣẹ́kù, àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí lọ?

A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ká má parọ́, ẹnì kan ló kọ ọ́, àwa mẹ́ta yòókù dà á kọ. Ẹ̀rí wa ni pé márùn-ún ti rí bẹ́ẹ̀, kí ló máa ṣe ìkẹfà?

Nígbà tí òdo dé, inú bí wa, a gba ọ́fíìsì olùkọ́ wa lọ. Wọn ò bá wa jiyàn. Wọ́n kọ 4,294,967,297 sẹ́yìn ìwé wa, wọ́n ní, "Ìkẹfà nìyí. Ẹ lọ wá nọ́ńbà tó máa pín in. Ẹ má wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì o."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, NEPA mú iná lọ. A tan tọ́ọ̀ṣì, a gbé kakuléétọ̀ kalẹ̀, a pín àwọn prime láàárín ara wa. Nígbà tá a fi máa kọjá 600, ẹnì kan ti sùn, òmíràn ní ká gba kámú, pé òdo kì í pààyàn. Ìgbà tá a tẹ 641 ni ìdáhùn jáde ní odidi: 6,700,417. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá wa lójú. Ariwo tá a pa jí ẹni tó sùn.

Nígbà tá a padà dé ọ́fíìsì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà bíi tiwa pé gbogbo wọn ni prime. Leonhard Euler ló fi 641 já a lọ́dún 1732. Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwa ará ẹ̀yìn ni ò gbọ́.

Èyí tó dùn wá jù ni pé Euler ò ṣe wàhálà tiwa. Ó fi hàn pé prime yòówù tó bá máa pín nọ́ńbà yìí, tá a bá fi 64 pín prime náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ẹ wá wò ó: 193, 257, 449, 577, 641. Márùn-ún péré! Bẹ́ẹ̀ 641 ni prime 116 tá a bá kà á láti orí 2. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì rí prime kẹfà nínú ìdílé yẹn.

Wọn ò dá máàkì wa padà. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí ẹnì kan nínú wa bá ní, "Ṣebí ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún," àwọn yòókù á dá a lóhùn pé, "641!"