Ọ̀nà ló jìn, kì í ṣe ilẹ̀: Ohun tójú ń rí láàárín Opebi àti Òjòtá

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní Allen, níbi táwọn èèyàn ṣì ń pè ní ráńdábáòtù bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríta oníná ni ìjọba ti sọ ọ́ dà, tó wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Òjòtá jìnnà síbí?", ìdáhùn tó máa gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: "Kò jìnnà rárá, tí ò bá ti sí gósiló." Ẹ wo ìdáhùn náà dáadáa. Onítọ̀hún ò sọ̀rọ̀ máìlì, kò sọ̀rọ̀ kìlómítà. Láago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Sánńdè, Òjòtá ò jìnnà. Láago méje àárọ̀ Mọ́ńdè, àfi bíi pé Ìbàdàn lèèyàn ń lọ.

Ẹni tó dáhùn yẹn ò purọ́ o. Ẹ tú ọ̀rọ̀ tá a fi ń sọ pé nǹkan jìnnà, ẹ máa bá ọ̀nà nínú ẹ̀: jìn ọ̀nà ló di jìnnà. Jìn yìí kan náà la fi ń sọ pé kànga jìn, tí agbè ò fi tètè kan omi. Àwọn baba wa ò sọ pé ilẹ̀ ló jìn, ọ̀nà ni wọ́n ní ó jìn. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí kòrókòró, kó wá sí Opebi.

Opebi kì í ṣe àdúgbò téèyàn ń wá tì. Láti Allen ni títì ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ títí tó fi já sí ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Sheraton bọ́ sí Mobolaji Bank Anthony Way. Báńkì lọ́tùn-ún, ilé ìtajà aṣọ lósì, òtẹ́ẹ̀lì níwájú, ilé oúnjẹ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àdúgbò yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹrọ̀fọ̀ àti omi ló wà níbẹ̀, Odò Ìyá Aláró, orúkọ tó ń rán èèyàn létí àwọn ìyá tó ń rẹ aṣọ sínú aró. Òdìkejì omi náà ni Mende àti Ìkòròdú Road wà. Béèyàn bá fojú wò ó, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kó débẹ̀ ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di kéèyàn yí lọ sí Oregun kó tó já sí Òjòtá, tàbí kó gba Maryland yí po. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Lọ́dún 2022 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí afárá àti ọ̀nà tó so Opebi mọ́ Mende àti Òjòtá, nígbà ìjọba Gómìnà Babajide Sanwo-Olu. Iléeṣẹ́ Julius Berger ló ṣe é, gígùn ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin. Ní 2025 ni wọ́n ṣí i. Ẹ ò rí nǹkan! Ilẹ̀ ò sún ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Odò ò gbẹ. Mende ò kẹ́rù wá sí Opebi. Síbẹ̀, ibi tó jìnnà lánàá ò jìnnà mọ́, nítorí pé ọ̀nà ti yàtọ̀.

Àmọ́ ṣá, ẹni tó ní mọ́tò nìyẹn. Ẹni tí ò ní, owó ọkọ̀ ni kìlómítà tiẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ báńkì ní Opebi, àwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ṣọ́ géètì, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé Ìkòròdú, Agbádó tàbí Ọ̀tà nilé wọn wà. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n ti wà ní bọ́síítọ́ọ̀bù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ní June 1, 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà l'Ékòó, Ìkẹjà sì wà nínú wọn, bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe padà di ọkọ̀ nìyẹn. Nígbà tó di May 29, 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ọkọ̀ fò sókè, ilé gbogbo èèyàn sì jìnnà sí ibi iṣẹ́ wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé ẹnì kankan kó kúrò nílé.

Kì í ṣe pé ìrọ̀rùn ò dé díẹ̀. Reluwé Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024, ń ti Agbádó lọ sí Ọyìngbò, kìlómítà 27, ó sì ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ sílẹ̀ n'Ìkẹjà ṣì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn dé Opebi, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ á sì máa pariwo pé, "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Ìjọba fúnra ẹ̀ ti jìnnà rí. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú. Lónìí, ará Opebi lè fẹsẹ̀ rìn dé Aláùsá. Bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa yá bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe yá, ìyẹn lọ́tọ̀.

Jíjìnnà mìíràn sì wà tí afárá ò lè tún ṣe. Lọ́dún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà, wọ́n ní ká jìnnà síra wa. Ẹni tó wà nínú ọgbà ńlá ti jìnnà sáwọn èèyàn tẹ́lẹ̀, ẹni mẹ́jọ tó wà nínú yàrá kan ò rí ibi tí wọ́n máa jìnnà sí. Kí GSM tó dé ní 2001, bàbá tọ́mọ ẹ̀ wà ní London á tò sórí ìlà kó tó gbóhùn ẹ̀. Ní báyìí, alaalẹ́ ló ń rí ojú ọmọ náà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè orúkọ máígáàdì tó ti ń ṣílẹ̀kùn fún un látọdún mẹ́fà. Ògiri kan ló wà láàárín wọn, ọ̀nà ò sì sí níbẹ̀.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mọ́tò á tò lọ bẹẹrẹ lórí afárá tuntun yẹn, wọ́n á dé Òjòtá kí ìlẹ̀ tó ṣú. Ìyá tó gbálẹ̀ ọ́fíìsì láàárọ̀ á jókòó ti bọ́síítọ́ọ̀bù, á tún owó ọwọ́ ẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá pé, Ìkòròdú ò jìnnà. Bí ò bá pé, ọ̀nà ṣì jìn.