Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́: Ìyá ẹlẹ́ja béèrè ọ̀nà àtijáde, kọ̀ńdọ́ ní "Ọlọ́run ò ní jẹ́"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹni tó bá ní òun mọ ìpínlẹ̀ Èkó, tó wá jẹ́ pé Ìdúmọ̀tà àti Ọ̀yìngbò nìkan lẹsẹ̀ ẹ̀ mọ̀, irọ́ ló ń pa fúnra ẹ̀. Kó lọ wọkọ̀ ní Ìkòròdú, kó gba Imọta, kó gba Agbowa, kó já sí Itoikin, kó tó wá forí lé Ẹ̀pẹ́. Yóò rí i pé oko ṣì wà l'Ékòó, pé ọ̀sà ṣì wà, pé àwọn èèyàn ṣì wà tó jẹ́ pé ẹja àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé. Èmi gba ọ̀nà náà lọ láìpẹ́ yìí. Ti kòtò ojú títì kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn ti kún etí yín. Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni mo gbé wá.

Dánfó ni mo wọ̀ ní Ìkòròdú. Mẹ́rin mẹ́rin là ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, bẹ́ẹ̀ ẹni mẹ́ta ni bẹ́ǹṣì ọ̀hún gbà. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, kọ̀ńdọ́ nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Fèrèsé tó yẹ kó máa ṣí, wọ́n ti fi súkúrù dè é pa, wọ́n tún wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta dábùú rẹ̀ nítorí olè. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? Ẹrù ti kún ibẹ̀ dé òkè: agbọ̀n, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, àti ewúrẹ́ kan tó ń ké bíi ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Ìyá kan jókòó tì mí, oníṣòwò ẹja ni, ọjà Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní: "Kọ̀ńdọ́, ọmọ mi, bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú mọ́tò yìí, ibo la máa gbà jáde?"

Ẹ gbọ́ èsì ọmọ náà o. Ó ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́. Ẹ mú ṣéńjì yín dání."

Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Ìyá yìí náà ṣe é, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Mo ti ṣe àmín. Ibo la máa gbà jáde?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Dẹ́rẹ́bà tẹná mọ́tò, ó di Imọta.

Ìbéèrè tí ìyá yìí bi kọ̀ńdọ́, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀ òkèèrè ti fi ẹ̀mí èèyàn wá ìdáhùn sí i. Ẹ ó ní kí ló kan rélùwéè níbí? Lóòótọ́, rélùwéè ò kan ìhà ọ̀dọ̀ wa rí. Nígbà táwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, ìhà Ọ̀tà àti Abẹ́òkúta ni wọ́n dojú ẹ̀ kọ, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Tiwa, ojú omi ni. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Ẹjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní 4 September 2023. Red Line tẹ̀ lé e ní 15 October 2024, láti Agbádó dé Ọ̀yìngbò. Nínú ètò rélùwéè tí ìjọba Èkó ṣe, ọ̀nà kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Orange Line, láti Ìkẹjà wá sí Agbowa wa níbí. Orí ìwé ló ṣì wà o, ẹ má tíì lọ tò fún tíkẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ mọ̀ pé èèyàn ò lè ti Ìkẹjà dé Agbowa kó má fẹ̀gbẹ́ kan Ìkòròdú. Tó bá dé lọ́jọ́ kan, ó yẹ ká ti mọ ohun tó yẹ ká béèrè.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ámẹ́ríkà. Ọjọ́ Ẹtì ni, 16 February 1996, yìnyín ń bọ́ ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ń pè ní MARC ń kó èrò bọ̀ ní Washington. Nígbà tó dé Silver Spring, òun àti ọkọ̀ Amtrak tó ń lọ sí Chicago forí sọ ara wọn. Epo dà, iná sọ. Èèyàn 11 ló bá a lọ. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Àwọn 8 yòókù jẹ́ èrò, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ètò Job Corps ni gbogbo wọn, wọ́n ń lọ sílé lọ gbádùn ọjọ́ ìsinmi.

Ìgbà táwọn olùwádìí dé ibẹ̀ ni àṣírí tú. Àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti há nígbà tí ara kóòṣì wó, wọn ò ṣeé ṣí. Ohun tí èrò ìbá fà kí ilẹ̀kùn lè tú sílẹ̀ nígbà wàhálà, inú àpótí kan tí wọ́n tì pa ló wà, ó sì tún jìnnà sí ilẹ̀kùn. Ta ni yóò máa wá kọ́kọ́rọ́ nínú èéfín? Àwọn olùwádìí yìí wá dábàá pé kí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ní apá kan lára tó ṣeé yọ, tàbí tí èèyàn lè fẹsẹ̀ ta jáde, tó fi jẹ́ pé bí odindi ilẹ̀kùn bá kọ̀, ihò á wà láàárín rẹ̀ tí èèyàn lè rá gbà.

Láti ìgbà náà ni òfin ti ń le sí i níbẹ̀. Kóòṣì èrò gbọ́dọ̀ ní fèrèsé mẹ́rin, ó kéré tán, tí èèyàn lè gbà sá jáde, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo wọn wà. Tàwọn kóòṣì tuntun, ihò tó máa kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ gíláàsì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 26, kó sì ga tó ínǹṣì 24. Ìyá ẹlẹ́ja tó sanra gan-an á gba ibẹ̀ kọjá. Èrò gbọ́dọ̀ lè yọ ọ́ láti inú láìwá irinṣẹ́ kankan. Ní 2013, wọ́n fi ti ilẹ̀kùn kún un: ilẹ̀kùn àárín kóòṣì tuntun gbọ́dọ̀ ní pátákó tàbí fèrèsé tó ṣeé yọ lára. Ó gbà wọ́n ní ọdún 17 lẹ́yìn Silver Spring. Ìjọba tòyìnbó náà máa ń fà nílẹ̀.

Ó sì kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní January 2022, Gómìnà Sanwó-Olú kéde ní Milwaukee pé Èkó ti ra ọkọ̀ ojú irin Talgo méjì fún Red Line. Ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Ámẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn fún, tí wọn ò lò wọ́n. Ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ́ fún Amẹ́ríkà, òfin Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìkòròdú tẹ́ ẹ máa ń lọ wọ ọkọ̀ ojú irin n'Íkẹjà, ẹ má kàn jókòó kẹ́ ẹ máa wo fóònù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé fèrèsé yìí ni ọ̀nà àbájáde, kẹ́ ẹ ka bí wọ́n ṣe ń ṣí i kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ẹ má sì sọ pé tòyìnbó nìyẹn. Ní 26 August 2025, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Abuja sí Kaduna yà kúrò lójú irin ní Asham, àwọn kóòṣì kan sì dojú dé. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ rò ó wò ná: bí kóòṣì bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ilẹ̀kùn apá kan ti lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, ti apá kejì ti di òrùlé. Kí ló kù bí kò ṣe fèrèsé?

A ti kọjá Imọta, níbi tí ilé ìrẹsì ńlá tí Ààrẹ Buhari ṣí ní January 2023 wà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. A dé oríta Itoikin, níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ti yà. Atẹ́gùn omi ń fẹ́, ṣùgbọ́n àwa tá a wà nínú ọkọ̀ ò rí i gbà sára, fèrèsé ò ṣí.

Ẹ̀pẹ́! Ìlú tí Kòsọ́kọ́ sá wá nígbà táwọn òyìnbó yin àgbá lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó ní 1851. Títí dòní, ará Èkó Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀ sí ará Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ẹ bi wọ́n wò, wọ́n á ṣàlàyé fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ọjà Olúwo, ẹja tútù, ẹja yíyan, alákàn, ahun, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó kó agbọ̀n rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Mo ra ẹja àrọ̀ méjì.

Kò jìnnà síbi tá a ti bọ́ọ́lẹ̀ ni mo ti rí ọ̀gá kan tó ń fi gíláàsì sí ọkọ̀. Mo yà lọ́dọ̀ ẹ̀, nítorí ìbéèrè ìyá ò kúrò lọ́kàn mi. Ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di gíláàsì mú hàn mí. Ó ní ẹnu méjì ni rọ́bà náà ní: ẹnu kan gé ara irin ọkọ̀ jẹ, ẹnu kejì gé gíláàsì jẹ. Okùn ló fi ń wọ̀ ọ́. Á tẹ okùn yí etí rọ́bà po, ọmọọṣẹ́ á máa ti gíláàsì láti ìta, òun á máa fa okùn nínú. Bí okùn ṣe ń jáde ni ètè rọ́bà ń gun orí irin.

Mo ṣàlàyé ti rélùwéè fún un. Níbẹ̀, ojú rọ́bà ní ihò tóóró kan tí wọ́n tẹ ọ̀já rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí yípo. Ọ̀já yìí ló ń jẹ́ kí rọ́bà fún gíláàsì mọ́ra, tí òjò ò fi wọlé, tí afẹ́fẹ́ tútù ò fi sá jáde. Wọ́n so ohun pupa kan mọ́ ọn tí èrò á fi ọwọ́ fà. Bó bá ti fà á, ọ̀já á máa tú bọ̀ bí okùn ṣòkòtò, rọ́bà á dẹ̀, èrò á wá fi ọwọ́ méjèèjì fa gíláàsì wọlé. Ọ̀gá yìí ti ń mi orí kí n tó parí. Ó ní kò le rárá, àmọ́ oòrùn ni ọ̀tá ẹ̀. Ó ní bí rọ́bà bá pẹ́ lóòrùn, á gan bí igi, á lẹ̀ mọ́ irin, akọni ọkùnrin gan-an ò ní lè fà á. Ó ní ẹni tó bá ní irú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fà á wò lóòrèkóòrè, kó sì máa pààrọ̀ rọ́bà. Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn jà ni rọ́bà yẹn ń ṣe: kó di mú gírígírí lójoojúmọ́, kó sì jọ̀wọ́ fún ọwọ́ ìyá àgbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá òde òní, òòlù kékeré ni wọ́n fi sí tiwọn kí èrò fi fọ́ gíláàsì. Bó bá di dandan, igun ni kẹ́ ẹ lù, ẹ má lu àárín. Gíláàsì iwájú ò dà bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, ike wà láàárín rẹ̀, á kàn sán lásán ni. Dánfó wa wá ńkọ́, tí kò ní òòlù, tí kò ní ọ̀já? Àwọn VIO tó ń wo bíréèkì àti iná, kí ló dé tí wọn ò lè fi ọwọ́ ti fèrèsé wò? Kí wọ́n tú irin yẹn kúrò, ká fi okùn orí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Mo bi ọ̀gá yìí pé bí onímọ́tò bá gbé dánfó wá, ṣé wọ́n máa ń ní kó jẹ́ kí fèrèsé ẹ̀yìn ṣeé yọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gọ́ọ̀mù dúdú tó le ni wọ́n máa ń ní kóun fi lẹ̀ ẹ́ pa, nítorí àwọn olè tó ń jí gíláàsì. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló ti sọ fún òun rí pé kóun má lẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tó ń kó ọmọ iléèwé ni.