Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Yín Dé Ibùdó Méjèèjì

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ ọkọ láti ìlú tí ó ti bá ìlú baba yín jagun rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọmọ Olódò lẹ́bàá Ìbàdàn ni mí. Ìjẹ̀ṣà ni ọkọ mi. Ní ilé wa, Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni akọni. Ní ilé ọkọ mi, Ògèdèǹgbé ni akọni, aninilára sì ni Ìbàdàn. Nígbà tí àkọ́bí mi lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn ìbátan baba rẹ̀ tí ó sì padà dé, ó bi mí pé, “Màmá, ṣé àwọn ènìyàn yín ni ó kó àwọn ènìyàn Bàbá wa lẹ́rú?”

Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn ọmọ lọ sí Ìgbájọ, níbi tí Ìbàdàn pàgọ́ sí nítòsí, àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Èkìtìparapọ̀ wà. A kò bu iyọ̀ sí ìtàn náà. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ni ará ìlú lára. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ọ̀kan nínú wọn, ogun sì gbóná. Ìró ìbọn ńlá ni ó fún ogun náà lórúkọ: Kírìjì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ogun náà tó parí pátápátá. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ́gun.

Mo sọ fún wọn pé ibùdó náà pẹ́ títí ó fi dà bí ìlú, tí àwọn obìnrin ń dáná, tí wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀. Àkọ́bí mi ní, “Ọmọ ìlú wo ni wọ́n wá jẹ́?” Baba rẹ̀ dáhùn pé, “Ọmọ bàbá àti ìyá wọn ni, bíi tìrẹ.”

Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn Súlù àti àwọn Bóà jà lẹ́bàá odò kan ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, 1838. Lónìí, ibi ìrántí ti àwọn Bóà wà ní bèbè kan, ti àwọn Súlù wà ní èkejì. Láti 1995 ni ọjọ́ náà sì ti di ọjọ́ ìlàjà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀nà òkè kò yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí yóò mú yín yíká. Ẹ di ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ dání, ẹ gbé omi. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ dé ibùdó méjèèjì: ọmọ tí ó rí ọ̀kan ṣoṣo, ìdajì òbí rẹ̀ ni ó mọ̀.