Ẹni Tí Ó Mọ Ẹjọ́ Rẹ̀ Lẹ́bi

Ariwo òòlù kì í sinmi ní Suame Magazine, ní ìlú Kùmásì. Níbẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń tú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń jó irin, tí wọ́n sì ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀. Níbẹ̀ náà ni mẹkáníìkì kan, ọmọ Yorùbá, ti kọ́ bí a ṣe ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Oníṣòwò aṣọ ni bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá di ẹrù lọ sílé láìgba gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tí ó padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, oníbàárà Àṣáńtì kan gbé owó rẹ̀ wá fún un láìbéèrè. Ìtàn yìí ni bàbá fi tọ́ ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kan tí owó ilé-ìwé wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọmọ náà gba owó bíréèkì tuntun lọ́wọ́ awakọ̀ trotro kan, ó sì fi àlòkù tí ó fọ̀ mọ́ sí i. Awakọ̀ náà dúpẹ́, ó kó èrò, ó kọrí sí Tamale.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, ó gbàdúrà bí ìṣe rẹ̀: kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀ jì í. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbà kí oníbàárà sọ pé, "Ọkọ̀ mi kò dá," kí ó sì dákẹ́. Yóò béèrè ibi tí ó ti ń dún. Dáfídì pàápàá, nígbà tí wòlíì Nátánì kò ó lójú, kò wá àwáwí. Ní alẹ́, ó kúnlẹ̀ sínú ìsọ̀ rẹ̀:

"Baba, bíréèkì àlòkù ni mo fi sí i. Tuntun ni mo pè é. Mo fi ẹ̀mí èèyàn ṣòwò."

Ó sunkún, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òun náà kò pẹ́ níbẹ̀, nítorí ó ní ibi tí yóò lọ. Ó tẹ awakọ̀ náà láago. Ọkọ̀ ṣì wà ní gáréèjì Tamale, ó ń dúró de èrò. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe wà á. Ó mú bíréèkì tuntun, ó wọ ọkọ̀ òru, ó sì lọ tún un ṣe. Èébú ni ó fi gba ọ̀yàyà.

Nígbà tí ó dé, jórinjórin kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ṣàlàyé fún un pé èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ túúbá tí Yorùbá ń tọrọ ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá túúbá yóò fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, yóò kábàámọ̀, yóò pinnu pé òun kò ní padà sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì ni ó gbà, yóò dá a padà.

Awakọ̀ náà kò gbé ọkọ̀ wá fún un mọ́. Mẹkáníìkì náà kò bínú: Ọlọ́run ti dárí jì í, ènìyàn sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹ́ kí ó tó dárí jì. Láti ìgbà náà, àdúrà ìjẹ́wọ́ rẹ̀ kúrú, ó sì ń dárúkọ ohun tí ó ṣe.