Awò fún Ọmọ Tó Ń Ta Ọfà: Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́ Rẹ̀

Láti Mestre níbí, létí omi Venice, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ tòní gùn díẹ̀, nítorí náà ẹ fa àga yín mọ́ra.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sókè: ọrun, ọ̀run, ọrùn. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ohùn ló yà wọ́n. Ọ̀run ni ibi tí Olódùmarè wà. Ọrùn ni ibi tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Ọrun, tí ohùn rẹ̀ dúró ní àárín láì gòkè, láì sọ̀kalẹ̀, ni igi títẹ̀ tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Okùn tí a so mọ́ ọrun lórí àti nídìí ni osán. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní bí osán bá já, ọrun di ọ̀pá. Ohun tí a ń kó ọfà sí ni apó. Ẹni tó ń ta ọfà ni tafàtafà.

Mo mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá nítorí pé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti di tafàtafà. Kì í ṣe ẹran ló ń ta o. Àmì aláwọ̀ márùn-ún ló ń ta, nínú ẹgbẹ́ kan ládùúgbò wa. Eré náà lórúkọ gan-an ní apá ibí yìí. Ọmọ Padua ni Marco Galiazzo, tó gba wúrà Olympics ní Athens ní 2004. Ní London ní 2012, òun àti Michele Frangilli àti Mauro Nespoli tún gba wúrà ti ẹgbẹ́. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí Amẹ́ríkà, 219 sí 218. Turin náà gba àlejò ìdíje àgbáyé ní 2011.

Nígbà òtútù, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ta á, mítà 18 péré. Ojú lásán tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọjọ́ móoru, wọ́n jáde sí pápá, wọ́n sì sún àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí mítà 60. Ojú àmì ibẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122. Funfun ló wà létí, dúdú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà pupa, yẹ́lò sì wà láàárín, òun ni wọ́n ń pè ní wúrà. Ẹni tó bá bọ́ sí àárín gbùngbùn gba mẹ́wàá. Ọfà 72 ni wọ́n ń ta, mẹ́fà mẹ́fà, àkókò tí wọ́n fún mẹ́fà kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ní mítà 60, ohun tó kéré jù tí ojú tó dá ṣáká lè yà sọ́tọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Ọfà ńkọ́? Òfin eré náà kò gbà kí igi ọfà nípọn ju mìlímítà 9.3 lọ, èyí tí wọ́n sì ń lò ní pápá máa ń tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ á rí àwọ̀, kò ní rí ọfà. Kò ní mọ̀ bóyá òsì ló ń lọ tàbí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ kò lè tún ohun tí kò rí ṣe.

Bàbá ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ wọn ló ń bá a wò ó. Á fojú sí awò ńlá rẹ̀, á sì ké sí i pé, "Sinistra, bassa!" Òsì, nísàlẹ̀. Olóore ni ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdíje, ọmọ tirẹ̀ ló ń wò fún, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọmọ mi jókòó tì mí ní ilé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, bóyá kí n máa ta ti inú gbọ̀ngàn nìkan. Mi ò fẹ́ máa fi ojú olójú ríran mọ́."

Yorùbá ló fi sọ ọ́ o, láì fi ọ̀rọ̀ Ítálì kankan lù ú. Inú mi dùn sí èdè náà, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílẹ̀ àjèjì mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni àwọn ọmọ wa ti fi sílẹ̀, tí wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Àmọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé owó tó wà nílẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn ni. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ yìí wà nígbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Gbogbo yúrò tí mo bá ná sórí awò, ọjọ́ tí àwọn méjèèjì yóò fojú kan ara wọn ló ń sún síwájú. Mo bá kọ iye kan sórí ìwé: 150 yúrò, kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ lé e.

Kí a tó dé ọjà, ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ ohun tí a fẹ́ rà. Awò ni ohun tí a fi ń ríran. Ẹ má pè é ní awo, ìyẹn ni ti àwọn babaláwo. Ẹ má sì pè é ní àwo, ìyẹn la fi ń jẹun. Èyí tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ ni à ń pè ní awò awọ̀nàjíjìn: a-wo-ọ̀nà-jíjìn. Àwọn ará ibí ń pè é ní cannocchiale.

Ẹ̀yin ọmọ, ìtàn ńlá kan ní í ṣe pẹ̀lú awò yìí lágbègbè wa. Ní oṣù kẹjọ 1609, Galileo Galilei, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Padua, ilé ẹ̀kọ́ tí èmi náà ti kàwé, gun ilé agogo San Marco ní Venice pẹ̀lú àwọn ìjòyè ìlú. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú awò bẹ́ẹ̀, àwọn ará Netherlands ló ṣáájú, ṣùgbọ́n ó tún tirẹ̀ ṣe dáadáa. Ìlọ́po mẹ́jọ péré ló ń mú nǹkan súnmọ́. Síbẹ̀ àwọn ìjòyè rí ọkọ̀ lójú òkun ní wákàtí méjì kí ojú lásán tó lè rí i. Ní oṣù kìn-ín-ní 1610, ní Padua, ó fi òmíràn tó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 20 rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà po. Ẹ fi 20 yẹn sọ́kàn.

Ó yá, ọjà ti dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí lára páálí ni ìlọ́po. Wọ́n á kọ 20-60x60 síbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń mú nǹkan súnmọ́ láti ìlọ́po 20 dé 60, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 60. Ẹni tó ń tajà á máa yin 60 yẹn fún yín. Ẹ má dá a lóhùn. Bí ẹ bá fi 20 pín mítà 60, mítà mẹ́ta ló kù. Ta ni kò lè rí ọfà lára ògiri tó wà ní mítà mẹ́ta sí i?

Ìdí mẹ́ta ni 60 fi ń dí ọmọ lọ́wọ́. Èkíní, bí ìlọ́po bá ṣe ń pọ̀ ni ibi tí ẹ lè rí ń kéré sí i. Ní ìlọ́po 20, ẹ lè rí ibi tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà méjì ní mítà 60, odindi àmì á hàn. Ní 60, ó lè má ju mítà kan lọ, etí àmì á sì pòórá. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi ìlọ́po pín ìwọ̀n gíláàsì iwájú: 60 pín sí 20 jẹ́ mìlímítà mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú, 60 pín sí 60 jẹ́ mìlímítà kan péré, gbogbo nǹkan á ṣú. Ẹ̀kẹta ni ooru. Ẹ̀yin ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Po mọ afa, ooru ọlọ́rinrin inú ẹ̀rùn. Afẹ́fẹ́ á máa jó lórí koríko, bí ìlọ́po bá sì ti pọ̀ ni ijó náà ń pọ̀.

Ohun kejì ni ẹsẹ̀ awò, treppiede. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣahun, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n, awò ẹgbẹ̀rún yúrò kò yàtọ̀ sí ìgò ọtí. Ẹ ya ìdá mẹ́ta owó yín sọ́tọ̀, kí ẹ fi ìdá kan ra ẹsẹ̀ tó dúró gírígírí. Kí ó lè ga dé igbá àyà ọmọ, àmọ́ òfin World Archery ní kí orí awò má ga ju abíyá tafàtafà lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ ra èyí tí ibi ìfojúsí rẹ̀ tẹ̀, kì í ṣe èyí tó tọ́ gbọnrangandan. Àkókò tí wọ́n fún ọmọ kò tó nǹkan. Kí ọmọ kàn rẹ orí sílẹ̀ díẹ̀ kó sì rí, láì kúrò lójú ẹsẹ̀ tó fi dúró.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo lẹ́tà kéékèèké ara páálí. BaK-4 dára ju BK7 lọ. Bí wọ́n bá kọ "Fully Multi-Coated", wọ́n ti kun gbogbo ojú gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ má ṣòfò. Kí omi má lè wọ inú rẹ̀, nítorí nebbia ibí yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Awò wà tí owó rẹ̀ lé ní 2,000 yúrò, wọ́n sì dára lóòótọ́. Àwọn tó ń wo ìyẹ́ ẹyẹ láti òkèèrè ló yẹ. Ihò ara páálí ni tiwa.

Nípa owó sísan: bí ẹ bá ra tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin ilẹ̀ Yúróòpù fún yín ní ọjọ́ 14 láti dá a padà, àti ẹ̀rí ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bí ẹ bá ra àlòkù lọ́wọ́ ẹlòmíì bíi tiyín, ẹ̀rí yẹn kò sí, nítorí náà pápá ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹ gún ọfà àtijọ́ mọ́ ibi dúdú ní mítà 60. Ẹ wò ó ní ọ̀sán, ẹ tún wò ó nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Bí ẹ bá rí ìdí ọfà náà kedere nígbà méjèèjì, ẹ sanwó.

Bí àwa ṣe ṣe nìyẹn. Tafàtafà àgbà kan tó fẹ́ ra òmíràn ló ta tirẹ̀ fún wa, 20-60x60, ní 85 yúrò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 45. Àpapọ̀ 130. Ogún yúrò padà sínú àpò ìwé tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi ta mẹ́fà, ó rẹ orí sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, mẹ́rin wà nínú pupa, lápá òsì." Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó sún ohun tó fi ń fojú sun àmì lára ọrun rẹ̀ sí òsì, nítorí ibi tí ọfà bá lọ ni à ń sún un sí. Mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, méjì bọ́ sí yẹ́lò. Kò tíì di Galiazzo o, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ pé òun ń fi í sílẹ̀ mọ́.

A sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ojú lọba ara." Wọ́n wá bèèrè bóyá awò náà lè mú Ìbàdàn súnmọ́. Ọmọ mi dá wọn lóhùn pé, "Rárá o, Màmá àgbà. Ìyẹn, à ń bọ̀ wá wò ó fúnra wa."

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ kọ gbólóhùn kan kan pẹ̀lú ọrun, ọ̀run àti ọrùn, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìyàtọ̀ láàárín oorun, òórùn àti oòrùn. Èyí tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì: ẹ má fi awò wo oòrùn láé, ó ń fọ́ ojú. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wọn kà á sókè.

Ó dàbọ̀ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká tún pàdé láyọ̀.